Ìwé Àwòrán Tó Bá Faraday Kan Ilẹ̀kùn

Ọ̀sẹ̀ kì í parí kí n má rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí lórí fóònù mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ máa tọ́ mi sọ́nà nínú sáyẹ́ǹsì." Ó parí síbẹ̀. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta ní yunifásítì. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe IT, wọ́n ń wá láàbù tó máa gbà wọ́n, wọ́n sì ti gbọ́ níbi gbogbo pé ẹni tí kò bá ní ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà kò lè rìn jìnnà nínú iṣẹ́ ìwádìí. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wọn ni bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá náà.

Èmi náà ṣì wà lẹ́nu másítà, ilẹ̀kùn tèmi náà ni mò ń kàn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ìtàn Michael Faraday dáadáa. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé físíìsì girama. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í sọ bí ọkùnrin náà ṣe dé inú láàbù rárá. Àwòrán ló gbé e wọlé.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé

Ọdún 1791 ni wọ́n bí Faraday ní London. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, àìsàn kì í sì í jẹ́ kí bàbá náà ṣiṣẹ́ déédéé. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ ni ọmọ náà rí kọ́ kó tó kúrò nílé ìwé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ George Riebau, tó ń ta ìwé, tó sì ń di ìwé. Irú iṣẹ́ tí àwọn tó ń bá wa báíńdì pírójẹ́ẹ̀tì ń ṣe nìyẹn, àfi pé abẹ́rẹ́, òwú àti awọ ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ọdún méje gbáko ni Faraday fi kọ́ṣẹ́ kó tó ṣe fíríídọ̀mù.

Ìwé tí àwọn oníbàárà bá gbé wá pé kó dì, òun náà ló ń kà. Ó ka ohun tí Encyclopaedia Britannica sọ nípa iná mànàmáná. Ó ka ìwé kẹ́mísírì tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Jane Marcet kọ, tó rí bí ìgbà tí olùkọ́ àti ọmọ iléèwé jọ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Faraday di gbajúmọ̀ tán, ó ṣì ń pe obìnrin yìí ní olùkọ́ òun àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìwé ló ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Ní 1810, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní alẹ́. Ṣílè kan ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Faraday kò ní in. Robert ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tóun náà jẹ́ alágbẹ̀dẹ bíi bàbá wọn, ló ń san án fún un. Láàárín àkókò yìí kan náà, ayàwòrán kan tó ń gbé nínú ilé Riebau kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan sórí ìwé kó lè rí bó ṣe rí lójú gan-an.

Faraday wá pa ọgbọ́n mẹ́ta pọ̀. Ó ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ń ya gbogbo ohun èlò tí wọ́n fi dánra wò níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di í ní ìwé. Riebau kò fi ìwé yẹn pamọ́. Ó fi han oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà yẹn yá a, ó gbé e lọ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà sì fún ọmọ kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ yìí ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ Humphry Davy ní Royal Institution.

Ẹ kíyè sí i: Faraday kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé rẹ̀ ló ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Lẹ́tà kan kò rí èsì, ìwé kan rí i

Ní 1812, kò sí onímọ̀ kẹ́mísírì tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Davy ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló fi iná mànàmáná yọ potassium àti sodium jáde ní 1807. Faraday gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tó délé, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ ní àkọmọ́, ó ya àwòrán sí i, ó sì dì í ní ìwé tó tó nǹkan bí ojú ewé 300.

Ní ọdún yẹn kan náà, ó kọ lẹ́tà sí ààrẹ Royal Society pé òun ń wá iṣẹ́ nínú sáyẹ́ǹsì, bó ti wù kó kéré mọ. Wọn kò dá a lóhùn. Ní oṣù Kejìlá, ó kọ lẹ́tà sí Davy, ó sì fi ìwé àwòrán náà tì í. Davy fèsì kí Kérésìmesì tó dé. Ó ní kó wá rí òun ní oṣù Kìíní.

Mi ò ní sọ pé torí àìsí àwòrán ni lẹ́tà àkọ́kọ́ kò fi rí èsì. Àwọn ọ̀gá ńlá kì í fèsì, a mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Davy gan-an kò ní iṣẹ́ tó lè fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ríra. Ó ní kí ọmọkùnrin náà má tíì fi iṣẹ́ ìwé dídì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, olùrànlọ́wọ́ kan ní láàbù jà níbi iṣẹ́, wọ́n sì lé e. Ta ni Davy rántí? Ẹni tó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1813, Faraday, ọmọ ọdún 21, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ṣílè 25 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú yàrá méjì lókè ilé, èédú àti àbẹ́là.

Kí ni àwòrán fi ń ju ọ̀rọ̀ lọ?

Ọ̀rọ̀ máa ń bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Mo lè kọ ọ́ pé "iná wọ inú wáyà kìíní, òòfà inú irin sì gbé e dé wáyà kejì," ẹ ó sì gbà pé ó yé mi. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n yà á, ìbéèrè dé. Ṣé wáyà méjèèjì kan ara wọn? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo yí wọn mọ́ irin? Kí ló wà láàárín wọn? Bírò kò lè fa ìlà tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi lè wo àwòrán yín fún ìṣẹ́jú kan péré kó sì mọ bó ṣe yé yín tó.

Àpẹẹrẹ òkè yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831, Faraday mú òrùka irin kan, ó yí wáyà mọ́ ọn lápá kan, ó sì yí wáyà mìíràn mọ́ ọn lápá kejì. Wáyà méjèèjì kò kan ara wọn rárá. Ó fẹ́ so ti àkọ́kọ́ mọ́ bátìrì, ó sì gbé abẹ́rẹ́ òòfà sítòsí èkejì láti máa ṣọ́ ọ. Bó ṣe so wáyà mọ́ bátìrì, abẹ́rẹ́ mira, ó sì dúró. Bó ṣe yọ ọ́, abẹ́rẹ́ tún mira. Láàárín méjèèjì, kẹ́kẹ́ pa. Ìyípadà nínú wáyà kìíní ló ń bí iná nínú wáyà kejì.

Ó ya òrùka yẹn sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Tiransifọ́mà àdúgbò yín, èyí tó máa ń dún hùùù tí wọ́n bá mú iná wá, àtọmọdọ́mọ òrùka yẹn ni. Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìyípadà kì í tán nínú wáyà kìíní, iná kì í sì í tán nínú ìkejì. Àyàfi tí wọ́n bá mú un lọ.

Faraday kò mọ ìṣirò ńlá. Àwòrán ló fi ń ronú. Tí ẹ bá da èérún irin sórí pépà, tí ẹ gbé òòfà sábẹ́ rẹ̀, tí ẹ fi ìka gbo pépà náà díẹ̀díẹ̀, èérún yẹn á to ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà láti orí òòfà dé ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lọ. Faraday ní àwọn ìlà yẹn ló ń sọ bí agbára òòfà ṣe tò sínú àyíká rẹ̀. Ó ń yà wọ́n. Ní 1855 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, James Clerk Maxwell, ọmọ ọdún 24, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ìlà náà di ìṣirò, ó sì fi orúkọ Faraday sí àkọlé iṣẹ́ náà. Inú iṣẹ́ tí Maxwell ṣe tẹ̀ lé e ni ìmọ̀ ìgbì tó ń gbé rédíò àti fóònù wa ti jáde. Ẹni tó ń yàwòrán àti ẹni tó ń ṣírò jọ nílò ara wọn.

Ọ̀gá kì í ṣe áńgẹ́lì

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Nígbà tí Davy mú Faraday rin ìrìn àjò ilẹ̀ Yúróòpù láti 1813 sí 1815, ọmọ náà pàdé Ampère àti Volta. Kò sí yunifásítì tó lè kọ́ ọ ní ohun tó kọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó Davy ń ṣe é bí ọmọ ọ̀dọ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó ronú àtipadà sílé. Nígbà tó sì di 1824, tí wọ́n fẹ́ fi Faraday sínú Royal Society, Davy ọ̀gá rẹ̀, tó ti di ààrẹ ẹgbẹ́ náà, kò fara mọ́ ọn. Wọ́n dìbò, ẹnì kan ṣoṣo ló dìbò takò ó, Faraday sì wọlé.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ká má gbé gbogbo ọjọ́ iwájú wa lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ẹ ka àwọn tó ran Faraday lọ́wọ́: ẹ̀gbọ́n tó san ṣílè, ayàwòrán tó kọ́ ọ, ọ̀gá tó fi ìwé rẹ̀ hàn, oníbàárà tó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin tó kọ ìwé, lẹ́yìn náà ni Davy. Davy nìkan ni ìtàn sábà máa ń dárúkọ.

Faraday náà kò dá ìmọ̀ náà jẹ. Láti 1825 ni Royal Institution ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe é nígbà 19. Àbẹ́là kan péré ló tàn níwájú wọn, tó fi ṣàlàyé kẹ́mísírì.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ní 2021, àwòrán kan tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì: ọlẹ̀ aláwọ̀ dúdú nínú ìyá aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Nàìjíríà kan, Chidiebere Ibe, ló yà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni nígbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kárí ayé sọ pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ibi tó bá wú tó pupa yòò lára aláwọ̀ funfun lè dúdú sí i tàbí kó rí bí eérú lára wa; dókítà tó jẹ́ pé àwòrán aláwọ̀ funfun nìkan ló fi kẹ́kọ̀ọ́ lè wò ó kọjá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀gá, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó ti yé yín: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ̀rọ kan, tàbí iṣẹ́ ìwádìí kan tí ọ̀gá tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí ti tẹ̀ jáde. Ẹ yà á sójú ewé kan. Pẹ́ńsù àti rúlà tó o. Kí àwòrán kan sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Tí ọfà bá dúró fún ibi tí iná ń gbà, kó má tún dúró fún nǹkan mìíràn. Ẹ kọ orúkọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà gan-an. Tí ẹ bá ya fọ́tò ewé tàbí kòkòrò, ẹ gbé rúlà tì í kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ ní kó sọ ohun tó rí, kí ẹ sì panu mọ́. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ wá fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú: ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ yà, àti ìbéèrè kan tó ṣì ń jà yín níyà níbẹ̀. Tí wọn ò bá fèsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ìwé náà ò ní bàjẹ́, ẹ̀kọ́ tí ẹ sì kọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú láàbù, ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti èmi náà tí mò ń gba àtẹ̀jíṣẹ́: nígbà tí ọmọ kan bá fi àwòrán tó fi gbogbo òru yà ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò. Tí a ò bá ní iṣẹ́ tí a lè fún un, Riebau náà kò ní. Ó kàn fi ìwé náà han ẹlòmíì ni. Ẹni tí kò sì lè ṣe ìyẹn, ọmọ kan wà nítòsí rẹ̀ tí dátà wákàtí kan ni kò jẹ́ kó rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wò. Ṣílè Robert nìyẹn, ẹ bá wa san án.