Irin Iṣẹ́ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Nígbà tí atúnmọ́tòṣe bá kú, àwọn ọmọ a pín ilé, wọn a pín aṣọ. Àpótí irin iṣẹ́ ńkọ́? Kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n máa ń tì í sí. Bí ó bá pẹ́, àwọn tí ń ra irin àlòkù yóò dé, wọn yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ohun tí bàbá fi ọdún gbọọrọ kó jọ ti bá owó kékeré lọ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Irin iṣẹ́ bàbá ni àkísà náà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tà á.

1. Ẹ fọ̀ wọ́n. Ẹ kó wọn síta, níbi tí kò sí iná. Ẹ rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà wọn kúrò. Ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa wọ́n lára. Ẹ má ṣe fi iná jó ìpẹtà o! Iná a máa sọ irin líle di rírọ̀.

2. Ẹ kà wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ wo ara sípánà, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 10, 13, 17 tàbí 19, mìlímítà ni. Irú rẹ̀ ni a fi ń tú ọkọ̀ Jámánì, ti Faransé àti ti Jàpáàn. Bí ẹ bá rí 1/2 tàbí 3/4, íǹṣì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń tú Bedford àti Austin àtijọ́ tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá.

Íǹṣì 1 jẹ́ mìlímítà 25.4. Nítorí náà, íǹṣì 1/2 jẹ́ mìlímítà 12.7. Bí a bá fi sípánà 13 tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ tí ó le, yóò máa yọ̀, yóò sì bó igun nọ́ọ̀tì náà. Ṣùgbọ́n íǹṣì 3/4 jẹ́ mìlímítà 19.05. Òun àti 19 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí ẹ bá rí W tàbí BS lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ìwọ̀n mìíràn ni. Ẹ fi wé nọ́ọ̀tì kí ẹ tó lò ó.

3. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Díẹ̀ nínú sípánà àti púláyà yóò wúlò nílé fún kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta. Òòlù tí èèkù rẹ̀ ń mì, ẹ pààrọ̀ èèkù náà. Irin ìgé tí òòlù ti mú kí orí rẹ̀ fẹ̀ bí olú, ẹ lọ orí rẹ̀ kí ó dán, nítorí èérún rẹ̀ lè fọ́ni lójú. Jáàkì tí ń jo epo, ẹ má ṣe lò ó títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi tún un ṣe. Èyí tí kò jo pàápàá, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ òun nìkan ni ó gbé e ró. Fáìlì tí eyín rẹ̀ ti kú, alágbẹ̀dẹ lè fi rọ ọ̀bẹ.

4. Ẹ wá ẹni tí yóò lò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló gba òmìnira tí kò ní sípánà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi ṣe é. Ẹ lè tà á fún un díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ yá a. Owó irin iṣẹ́ ni yóò san, kì í ṣe owó ìwọ̀n irin.

5. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Kí ẹbí jókòó pọ̀, kí ẹnì kan kọ orúkọ irin kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tí ó wà sínú ìwé. Ìjà ogún kì í sábà wà níbi tí gbogbo ojú ti rí àkọsílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá yá sípánà 13, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó mú un lọ.