Àbùdá Ìran àti Àrùn Tí Ara Fi Ń Bá Iṣan Ara Rẹ̀ Jà: Ohun Tí Ó Kan Àwọn Ará Alímọ̀ṣọ́

Obìnrin tí ń ta iṣu ní ọjà Ìkòtún lè ṣàkíyèsí pé apá òun kò gbé ẹrù dé orí mọ́, pé gígun ọkọ̀ dáńfó ti di ìṣòro, àti pé irun dídì paápàá ti di iṣẹ́ ńlá. Ìrora rẹ̀ lè má pọ̀. Àìlágbára ni ó ń le sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Làkúrègbé ni àwọn aládùúgbò yóò kọ́kọ́ pè é. Bí ó bá pẹ́, wọn a ní ọwọ́ ayé ni, tàbí kí wọ́n ní àrùn ìdílé ni, kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ọmọ ilé náà. Myositis ni àwọn oníṣègùn ń pe irú àrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ni ó kọjú ìjà sí iṣan tí wọ́n ń ṣọ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìdílé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn ènìyàn ti rò ó. Ọmọ tí ó bá gba S lọ́dọ̀ bàbá, tí ó sì tún gba S lọ́dọ̀ ìyá, yóò ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS. Myositis kò rí bẹ́ẹ̀. Àbùdá púpọ̀ ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún ewu náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ní wọn lára kò ní ṣe àìsàn náà láéláé, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn méjì nínú ìdílé kan ní in. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ jí àbùdá náà. Bí àpẹẹrẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ń lo oògùn statin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni myositis máa ń bá. HLA-DRB1*11:01 sì wọ́pọ̀ lára wọn, ìbáà ṣe aláwọ̀ funfun tàbí adúláwọ̀.

Agbègbè HLA yìí, tí ó wà lórí kúrómósómù kẹfà, ni ó lágbára jù nínú ọ̀ràn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé ẹ̀rún ohun tí ó wà nínú ara síta, kí àwọn ọmọ ogun ara lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀tá ni tàbí ọmọ ilé. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2016 yẹ aláìsàn 2,566 wò, HLA-DRB1*03:01 àti HLA-B*08:01 sì ni ó yọ síta jù. Ìran aláwọ̀ funfun ni gbogbo aláìsàn náà. Nínú ìwádìí kékeré tí ó ti jáde ní 2006 láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, HLA-DRB1*03:02 tún fara hàn lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní èròjà agbóguntara tí wọ́n ń pè ní anti-Mi-2. Orúkọ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n 03:02 wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, ó sì ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n òyìnbó wọn ará Ẹ̀gbẹ́dá lè gbójú fo ohun tí ó yẹ kí ó rí. Ó yani lẹ́nu pé àádọ́rùn-ún Yorùbá láti Ìbàdàn wà lára àwọn tí iṣẹ́ HapMap ti 2005 fi ya àwòrán àbùdá ọmọ ènìyàn, síbẹ̀ ìwádìí àrùn náà gan-an kò tíì tẹ̀ lé wọn dé ilé.

Kò sí ẹni tí ó nílò àyẹ̀wò àbùdá kí ó tó gba ìtọ́jú. Dókítà ní Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò lè ní kí wọ́n wọn creatine kinase nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ga, ó lè darí aláìsàn sí LASUTH ní Ìkẹjà. Oògùn bíi prednisolone máa ń dá àwọn ọmọ ogun ara lẹ́kun, ó sì sàn kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ kí iṣan tó bàjẹ́. Ìwé ìṣègùn òyìnbó ní pípọ́n ni ìpéǹpéjú àti oríkèé ọmọ ìka máa ń pọ́n bí àrùn náà bá kan awọ ara. Lára adúláwọ̀, dúdú tàbí àwọ̀ àlùkò ni ó sábà máa ń rí, àwọn kan a sì rò pé ìpara ni ó bó wọn. Bí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há sí ọ̀nà ọ̀fun, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn.