Kéèkì ṣokoléètì ọlọ́sàn: Irú áísìn wo ni ooru kò ní tètè yọ́?

Côte d'Ivoire ló ń pèsè kòkó jù lágbàáyé, àmọ́ ẹni tó ń ṣe kéèkì ṣokoléètì ọlọ́sàn nílé ní Niangon, nílùú Abidjan, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ti ooru.

Bọ́tà máa ń yọ́ tí ooru bá tó nǹkan bíi 32 sí 35°C, nítorí náà áísìn bọ́tà kì í pẹ́ rọ̀. Ṣokoléètì dúdú ìwọ̀n méjì tí wọ́n yọ́ sínú kírìmù gbígbóná ìwọ̀n kan máa ń dúró jù ú lọ.

Fún àárín kéèkì, jáàmù ọsàn dára: ṣúgà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ kírìmù wàrà lílù lẹ fẹ́, kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Bí ooru bá kọjá 32°C, wákàtí kan ni, kó má baà di inú rírun fún àwọn ọmọ.