Ṣé Protein Bar Tí À Ń Rà Lọ́jà Dára fún Ara? Ohun Tí Ẹ̀yìn Ìdì Rẹ̀ Ń Sọ

Àwọn kókó pàtàkì

• Ọ̀rọ̀ náà "purotéènì" tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú ìdì oúnjẹ kò fi hàn pé oúnjẹ náà dára fún ara. Ẹ̀yìn ìdì náà ni a ti ń mọ̀.
• Bí ṣúgà inú rẹ̀ bá pọ̀ ju purotéènì rẹ̀ lọ, ìpápánu dídùn ni, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.
• Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà, mílíìkì tàbí sóyà gbọ́dọ̀ ka ẹ̀yìn ìdì náà kó tó jẹ ẹ́.
• Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà àti wàrà lè pèsè purotéènì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílò.

Ní àwọn ìlú ńláńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Dakar dé Accra, láti Èkó dé Abuja, ìpápánu gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní protein bar wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ní ilé ìtajà oògùn àti ní ilé eré ìdárayá. Ẹni tó fẹ́ fọn ń rà á, ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ń rà á, òṣìṣẹ́ tí kò ráyè jẹun ọ̀sán ń rà á. Aláìsàn tí wọ́n ní kó jẹun dáadáa náà ń rà á, nígbà mìíràn pẹ̀lú owó tí ì bá fi ra ẹja tàbí ẹyin fún gbogbo ilé. Ohun tó ń mú wọn gbà pé ó dára ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè má jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo òtítọ́.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi lúbúlúbú purotéènì tí wọ́n yọ láti inú mílíìkì tàbí sóyà ṣe. Kí lúbúlúbú yìí lè dì pọ̀, kó sì dùn lẹ́nu, wọ́n ń fi omi ṣúgà, oyin, ẹ̀pà, ọkà tàbí ọ̀rá kún un. Àwọn mìíràn ní ohun tó jọ ṣokoléètì lára, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi òróró èkùrọ́ ṣe. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú òróró èkùrọ́ ni ó jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, èyí tó lè mú kí ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, tó sì lè pa ọkàn lára. Àwọn kan wà tí ẹ̀pà àti èso gbígbẹ pọ̀ jù nínú wọn, tí ṣúgà tí wọ́n fi kún wọn kò sì tó nǹkan. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; bẹ́ẹ̀ náà ni iwájú ìdì àwọn ìpápánu wọ̀nyí ṣe jọra.

Purotéènì mélòó ni ara nílò?

Purotéènì ni ara fi ń kọ́ iṣan, tó fi ń wo ọgbẹ́ sàn, tó sì fi ń ṣe ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fi ìwọ̀n tó tó fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sí gíráàmù 0.83 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bí gíráàmù 50. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ẹni tó ń gba ara padà lẹ́yìn àìsàn lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Ẹ̀pà tó kún àtẹ́lẹwọ́, ìyẹn gíráàmù 30, ní nǹkan bí 7. Ẹ̀wà sísè tó wọn gíráàmù 170 ní nǹkan bí 14. Ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, tó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́sàn-án, tó sì fi ẹja jẹ oúnjẹ alẹ́, lè ti rí èyí tó tó ara rẹ̀. Bí ó bá tún jẹ protein bar lé e, agbára oúnjẹ tí ara kò nílò ni ó ń fi kún un, ara a sì máa tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn ìdì rẹ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń kọ iye tó wà nínú gíráàmù 100, àwọn mìíràn ń kọ iye tó wà nínú ẹyọ kan. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan wé èkejì.

2. Ẹ fi ṣúgà wé purotéènì. Ká sọ pé ẹyọ kan ní kálórì 240, purotéènì gíráàmù 10 àti ṣúgà gíráàmù 20. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì ń pèsè kálórì 4. Kálórì 80 ti wá láti inú ṣúgà, 40 péré ni ó wá láti inú purotéènì. Ṣúgà gíráàmù 20 sì tó ṣíbí kékeré márùn-ún. Èyí tó ní purotéènì gíráàmù 15 àti ṣúgà gíráàmù 4 yàtọ̀ pátápátá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sí iwájú àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, títí kan oyin, omi ṣúgà àti omi èso, má tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 nìyẹn. Ó sàn jù bí kò bá tó gíráàmù 25.

3. Ẹ ka orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àwọn èròjà. Èyí tó pọ̀ jù lọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Glucose syrup, fructose, honey àti invert sugar, ṣúgà ni gbogbo wọn. Bí èròjà àkọ́kọ́ bá jẹ́ collagen tàbí gelatin, ẹ mọ̀ pé purotéènì rẹ̀ kò pé, nítorí kò ní tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀.

4. Ẹ wo ọ̀rá tó máa ń dì àti iyọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń kọ fún ọ̀rá yìí ni "saturated fat". Kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5.

5. Ẹ ṣọ́ra fún "kò ní ṣúgà". Maltitol àti sorbitol tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà lè mú kí inú wú tàbí kí ènìyàn máa yàgbẹ́ gbuuru bí ó bá pọ̀. Ní ti àwọn ohun adùn mìíràn bíi sucralose àti aspartame, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 2023 pé kí a má ṣe lò wọ́n bí ọ̀nà láti dín ìsanra kù. Ìmọ̀ràn yìí kò kan ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára oúnjẹ ní Nàìjíríà fi hàn pé wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Ó ṣe pàtàkì kí a rí i, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Àwọn wo ni ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù?

Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín. Purotéènì tó pọ̀ jù lè fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ kíndìnrín tó ti rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè nílò purotéènì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yẹra fún èyí tí a bá rí "phosphate" lára orúkọ èròjà rẹ̀. Kí olúkúlùkù bi dókítà rẹ̀ kó tó rà á.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ wo gbogbo èròjà afáralókun inú rẹ̀, kì í ṣe ṣúgà nìkan. Ní pàtàkì, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò ènìyàn, protein bar kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀rá àti purotéènì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà gíráàmù 15, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí kékeré mẹ́rin, tí a pò mọ́ omi ni kí ẹni tó ṣì lè gbé nǹkan mì mu. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu; ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ọmọdé tó rù gan-an tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìpápánu yìí kò lè rọ́pò oúnjẹ ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì, ṣúgà, òróró, fítámì àti èròjà aṣaralóore mìíràn pò ní ìwọ̀n. Ìdì kan rẹ̀ tó wọn gíráàmù 92 ń pèsè nǹkan bí kálórì 500.

Ohun tí ọjà wa ní

Àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, wàrà, kúlíkúlí àti awárá tí àwọn Hausa ń fi sóyà ṣe, purotéènì wà nínú gbogbo wọn. Èyí kò sọ pé kò sí ewu nínú wọn. Àkàrà máa ń fa òróró mu, iyọ̀ tàbí ṣúgà lè pọ̀ nínú kúlíkúlí, ẹ̀pà tó sì ti bu lè ní májèlé aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísun tàbí sísè kì í mú májèlé yìí kúrò tán. Ẹ̀pà tó bu, tó yí àwọ̀ padà tàbí tó korò, ẹ dà á nù.

Ìgbà wo ni protein bar wúlò?

Ó lè ran nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru lọ́wọ́, tàbí arìnrìn-àjò tí kò rí nǹkan mìíràn ní ibùdókọ̀ ju búrẹ́dì dídùn àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Ó lè ran arúgbó tí oúnjẹ kì í wù jẹ lọ́wọ́ pẹ̀lú, bí eyín rẹ̀ bá lè rún un. Bí ó bá rọ́pò ohun tó burú jù ú, èrè ni. Bí ó bá rọ́pò ẹ̀wà àti ẹja, àdánù ni.

Ìbéèrè mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ ìlera

Bí aláìsàn bá sọ pé òun ń jẹ protein bar, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ bi í pé: Kí ni ẹ ń jẹ ẹ́ dípò rẹ̀? Ẹyọ mélòó lóòjọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lè mú ìdì rẹ̀ wá nígbà tí ẹ bá tún ń bọ̀? Nígbà tí ó bá mú un wá, ẹ jọ kà á pọ̀, kí ó fi ìka ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ purotéènì àti ṣúgà sí. Ẹni tó bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan yóò lè kà á fúnra rẹ̀ lọ́jà.