Ọwọ́ dírẹ́bà wà lórí sítíárìn, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀ ti bá fóònù lọ!

Ẹ̀yin náà ti rí àwọn dírẹ́bà tí wọ́n máa ń ki íápíìsì bọ etí, tí wọ́n á máa wa mọ́tò lọ, tí wọ́n á sì máa rojọ́ bíi pé pálọ̀ ilé wọn ni wọ́n wà. Tẹ́nì kan bá ní kí wọ́n rọra, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, 'Ṣebí ọwọ́ mi méjèèjì ló wà lórí sítíárìn!' Àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọwọ́ ló wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ọpọlọ ni ò sí ńlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n David Strayer, ti Yunifásítì Utah, ní Amẹ́ríkà, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Látọdún 2001 lòun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń sọ pé àtẹni tó gbé fóònù sétí, àtẹni tó fi íápíìsì sọ̀rọ̀, ìkan náà ni wọ́n. Nígbà tó di 2013, wọ́n gbé ìdánwò náà bọ́ sójú títì ní Salt Lake City, wọ́n sì dé fìlà kan fáwọn tó ń wakọ̀.

Fìlà ọ̀hún kì í ṣe ti fáàrí. Wáyà ló wà lára ẹ̀, tó ń gba iná mànàmáná kékeré tí ọpọlọ ń mú jáde sílẹ̀. EEG ni wọ́n ń pè é. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ló kọ́kọ́ gba irú ẹ̀ sílẹ̀ lórí èèyàn lọ́dún 1924. Wàhálà ibẹ̀ ni pé téèyàn bá ṣẹ́jú tàbí tó yírùn, iná tí ìyẹn ń mú jáde máa ń bo ti ọpọlọ mọ́lẹ̀, bíi kẹ́nì kan máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná kékeré kan síwájú dírẹ́bà léraléra, tí wọ́n á wá kó gbogbo àbọ̀ ẹ̀ pọ̀. Tọ́kàn èèyàn bá wà lójú ọ̀nà, ọpọlọ ẹ̀ á dáhùn gidi nígbà tíná bá tàn. Tọ́kàn bá wà níbòmíì, ìdáhùn yẹn á kéré.

Wọ́n wá fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 1 dé 5, bó ṣe ń dẹ́rù pa ọpọlọ sí. Ẹni tó kàn ń wakọ̀ gba 1. Rédíò gba 1.21. Fóònù àfọwọ́mú gba 2.45, èyí tí wọn ò fọwọ́ mú gba 2.27. Ìyàtọ̀ wo ló wà ńbẹ̀? Kéèyàn máa pe ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ kó lè bá a kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tún wá burú jùyẹn lọ, 3.06 ló gbà.

Èrò ọkọ̀ tó ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ ńkọ́? Òun náà gba 2.33. Ṣùgbọ́n ojú èrò ń rí títì. Tó bá rí tírélà tó ń bọ̀, á panu mọ́, tàbí kó pariwo, 'Ẹ ṣọ́ra o!' Ẹni tó wà lórí fóònù ò mọ̀ pé ọmọdé kan fẹ́ sọdá, ìtàn ẹ̀ ló ń bá lọ.

Ní Nàìjíríà, FRSC, ìyẹn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ka fóònù àti mọ́tò wíwà papọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà wá sá sábẹ́ íápíìsì. Òṣìṣẹ́ FRSC lè má rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí ojú dírẹ́bà rí ọmọ tó wà níwájú. Ẹni tó pè yẹn lè dúró. Kí dírẹ́bà páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó wá pè é padà.