Ẹ̀gẹ́ Inú Ìgò

Ẹ̀gẹ́ kan wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nílùú Ìbàdàn, tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí. Inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé, lórí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ: ṣúgà pẹ̀lú oríṣiríṣi iyọ̀ tí ọ̀gbìn ń fà nínú ilẹ̀. Gílóòbù ló ń ṣe oòrùn fún un. Tissue culture ni àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní 1958, F. C. Steward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kó di mímọ̀ pé ara kárọ́ọ̀tì tí wọ́n pín sí wẹ́wẹ́ tún hù di odindi kárọ́ọ̀tì. Omi àgbọn wà lára ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ!

Kí ló wá kan ìlera? Ẹ̀gẹ́ funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní fítámínì A rárá, bẹ́ẹ̀ àìtó rẹ̀ a máa ba ojú ọmọdé jẹ́. Ní 2011, Nàìjíríà fọwọ́ sí irú ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí inú wọn pọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ IITA àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Umudike. Inú ìgò kọ́ ni fítámínì náà ti wọ̀ wọ́n lára o. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ló fi ọ̀pọ̀ ọdún so akọ mọ́ abo, tí wọ́n ń ṣa èyí tó pọ́n jù.

Ibi tí tiwọn parí sí ni iṣẹ́ ìgò ti bẹ̀rẹ̀. Igi la fi ń gbin ẹ̀gẹ́, igi yìí kan náà sì ni àrùn mọ̀sáíìkì ń gùn láti oko dé oko. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n á gé ṣóńṣó orí ẹ̀gẹ́, bíńtín tí kò tó orí abẹ́rẹ́, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn náà kì í sábà dé ibẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá mọ́, wọ́n á máa gé e ní oríkèé, kálukú sínú ìgò tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún ti tó gé. Ní oko, igi mẹ́wàá péré ni ẹ̀gẹ́ kan sábà ń mú wá lọ́dún.

Báyìí náà ni wọ́n ń ṣe fọ ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n mọ́. Ọ̀dùnkún yìí ló gba ẹ̀bùn World Food Prize fún Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low ní 2016.

Ìjáde kúrò nínú ìgò ló nira. Bí ẹ̀gẹ́ inú ìgò bá kan oòrùn lójijì, á rọ, torí ewé rẹ̀ kò tíì lè pa omi mọ́. Iná tó ń ṣe ségesège tún ń dá kún un.

Lọ́jà, ẹ má ṣe pe gaàrí tí wọ́n fi epo pupa yan ní gaàrí ẹ̀gẹ́ pípọ́n. Ẹni tó bá sì ra ojúlówó, kó tètè jẹ ẹ́, nítorí bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni fítámínì rẹ̀ ń dín kù. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbìn ín, kó bèèrè ibi tí igi náà ti wá kó tó sanwó.