Ojú Nìkan Kò Dá Ríran

Bí a bá dúró lábẹ́ afárá Mọ́lété tí a gbé ojú sókè, kíá ni a ó rí òpó tí ó dúró ṣánṣán àti afárá tí ó nà gbọọrọ lórí rẹ̀. A ó rò pé ẹyinjú ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú ọpọlọ, ní ìhà ìpàkọ́, ni a ti ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ohun tí a dá mọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ a máa gba ọmọlójú wọlé, a sì bọ́ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100. Fọ́nrán iṣan tí ń gbé ìròyìn láti ojú kan lọ sí ọpọlọ kò sì ju bíi mílíọ̀nù 1 lọ. Nítorí náà, inú ojú gan-an ni a ti ń ṣa ìròyìn.

Bí ìròyìn bá dé ìpàkọ́ ńkọ́? Ní ọdún 1958, David Hubel àti Torsten Wiesel, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ki wáyà tín-ín-rín bọ ọpọlọ ológbò tí wọ́n ti fún ní oògùn oorun, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fi àmì dúdú hàn án, wọ́n fi funfun hàn án, sẹ́ẹ̀lì kò dáhùn. Àfi bí wọ́n ti ń ti gíláàsì tí àmì wà lára rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ àwòrán, ni sẹ́ẹ̀lì bá ń ró bí ìbọn arọ̀jò-ọta! Òjìji etí gíláàsì náà ni ó rí, kì í ṣe àmì. Bí wọ́n bá yí ìlà náà sí ìhà mìíràn, a dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ń dá òpó Mọ́lété lóhùn, nígbà náà, kọ́ ni ó ń dá afárá lóhùn. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1959, ọdún kan náà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni ó kan olùkọ́ jù. Wọ́n rán ojú kan ọmọ ológbò pa fún oṣù bíi 2 sí 3. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹyinjú pé, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ tí ó tún ń dá a lóhùn. Ológbò tí ó ti dàgbà kò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ènìyàn náà ní àkókò tirẹ̀. Ọmọ tuntun tí ọmọlójú rẹ̀ kan funfun bí wàrà, kí ó tó pé oṣù 2 ni ó dára kí oníṣègùn ojú ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn kan a ní kí àrùn náà kọ́kọ́ gbó. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún àgbàlagbà láyé àtijọ́ nìyẹn, ewu ni fún ọmọdé.

Ọmọ tí ojú rẹ̀ wọ́ ńkọ́? Ọpọlọ rẹ̀ lè kọ ìròyìn ojú kan sílẹ̀, ọmọ kò sì ní sọ, nítorí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń ríran. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kí ó ka ohun tí ó wà lójú pátákó, kí ó sì bo èkejì. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ pe òbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní UCH tàbí ilé-ìwòsàn mìíràn. Awò ojú lè tó. Bí kò bá tó, wọn a bo ojú tí ó dára fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọpọlọ lè padà máa gba ìròyìn èkejì. Kí ọmọ tó pé ọdún 7 ni ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́ jù.